Àgbádárìgì tàbí Ouidah: Èwo Ni Kí Ẹ Fi Ọjọ́ Kan Ṣàbẹ̀wò Sí?

Bí ó bá jẹ́ Èkó ni ẹ ti ń bọ̀, tí ó sì jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ ní, Àgbádárìgì ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá lè sùn mọ́jú ní Kútọ̀nù, tàbí tí ọkọ̀ òkun bá gbé yín gúnlẹ̀ síbẹ̀, Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni kí ẹ yà sí. Ìdáhùn tí mo máa ń fún ẹni tó bá béèrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjìn ọ̀nà nìkan ló ya ìlú méjèèjì sọ́tọ̀, ẹni tó máa ná owó àti agbára rẹ̀ sì yẹ kó mọ ohun tó ń lọ bá kó tó gbéra nílé.

Ìlú èbúté ni méjèèjì. Etí òkun kan náà ni wọ́n tò sí, òwò ẹrú ló sì sọ wọ́n di olókìkí. Wọ́n tún bára tan ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ní 1727, Àgájà ọba Dàhòmì gba Ouidah lọ́wọ́ àwọn Hueda tó ni ín. Àwọn tó sá fún ogun Dàhòmì lásìkò yẹn gba ọ̀nà ìlà oòrùn lọ, àwọn kan nínú wọn sì wà lára àwọn tó sọ Àgbádárìgì di èbúté. Dàhòmì kò gbàgbé wọn: ní 1784 ogun tún dé, wọ́n sì tú Àgbádárìgì ká. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ Ègùn lẹ́nu àwọn ará Àgbádárìgì, tí ẹ tún gbọ́ èdè tó jọ ọ́ lẹ́nu àwọn ará Ouidah, etí yín kò tàn yín.

Inú agbo ilé, tàbí ojú ọ̀nà

Ohun tí mo kà sí ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Ní Àgbádárìgì, inú agbo ilé ni ìtàn wà. Ọmọ onílé ni yóò ṣílẹ̀kùn fún yín, òun náà ni yóò sì sọ ohun tí bàbá ńlá rẹ̀ ṣe. Ní Ouidah, ìta gbangba ni ìtàn wà: ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rìn ín láti àárín ìlú títí dé etí òkun, ère àti igi ni yóò máa dá yín dúró lọ́nà. Ẹni tó fẹ́ béèrè kí wọ́n sì dá a lóhùn, Àgbádárìgì ni yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó fẹ́ rìn jẹ́ẹ́, kí ó máa ronú, Ouidah ni tirẹ̀.

Ilé Sẹ́ríkí Williams Abass ni ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Jọga Orílé ní ilẹ̀ Yewa ni ọkùnrin yìí, Fárẹ̀mí sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n tà á, ó dé Bràsíìlì, ó gbọ́ èdè àwọn Potogí dáadáa, ó sì padà wá sí etí òkun yìí gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò. Ọmọ ẹlòmíràn ni ó wá ń rà tí ó sì ń tà. Ilé tó fi ń há wọn mọ́ láti bíi ọdún 1840, tí àwọn ìdílé rẹ̀ sọ pé ó ní yàrá 40, ṣì dúró níbẹ̀. Wọ́n ti fi díẹ̀ lára àwọn yàrá náà ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló ń gbé inú èyí tó kù. Aṣọ tí wọ́n sá wà lórí okùn, àwọn ọmọdé ń ṣeré, ẹ sì dúró ní yàrá tóóró kan tí wọ́n sọ pé 40 èèyàn ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀, tí ojú fèrèsé rẹ̀ kò ju ihò kékeré lọ. Wọn yóò fi agbòòrùn hàn yín, wọn yóò sì sọ iye èèyàn tí wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ ẹyọ kan rẹ̀.

Ọkùnrin kan náà ni wọ́n tà tẹ́lẹ̀ tó tún wá ń ta èèyàn. Ó di Sẹ́ríkí Mùsùlùmí, ó di alágbára tí ìjọba òyìnbó ń bá dámọ̀ràn, ó sì kú ní 1919. Àwọn tó ń mú yín rìn nínú ọgbà náà kì í fi bò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ó ṣe ń rí lára wọn láti máa gbé inú ilé náà. Ìdáhùn wọn kì í jọra, ohùn wọn sì máa ń yí padà bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ wọn. N kò rí irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ ní Ouidah, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú yẹn náà ní ẹni tó ṣe irú rẹ̀. Francisco Félix de Souza, tí wọ́n bí ní Salvador ní Bràsíìlì, tí Gézò ọba Dàhòmì fi jẹ oyè Chacha, ni ó di ọ̀gá oníṣòwò ẹrú ibẹ̀ títí tó fi kú ní 1849. Ìdílé rẹ̀ ṣì wà ní Ouidah, wọ́n pọ̀, wọ́n gbajúmọ̀, wọ́n sì ń jẹ oyè náà lọ. Ṣùgbọ́n òde ilé wọn ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń gbà kọjá.

Kò jìnnà sí ilé Abass ni ilé ìdílé Mobee wà. Ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ kéré níye, ó sì wúwo: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, irin tí wọ́n fi ń ti ẹnu, ẹ̀wọ̀n ọrùn. Wọ́n máa ń gbà kí àlejò fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ níta, nítorí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọmọdé wà lára wọn. Ojúbọ àti ọjà Vlékété wà nítòsí náà, níbi tí wọ́n ti ń náwó lé èèyàn lórí.

Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé yín sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹrẹfu. Ọ̀sà náà kò fẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gúnlẹ̀, yanrìn ni ẹ ó rìn lórí rẹ̀ láàárín igi àgbọn títí dé etí òkun. Ní ojú ọ̀nà ni kànga kan wà tí ìtàn ìlú sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí agbára ọkàn wọn sì rọ̀. Kò sí ohun tó pọ̀ ní etí òkun yẹn ju ohun ìrántí kan àti ìgbì tó ń ya wọlé. Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ní tèmi, òfìfo yẹn gan-an ló yẹ ibẹ̀.

Ouidah kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀nà tí wọ́n kó ẹrú gbà ni wọ́n sọ di ohun ìrántí lódindi, bíi kìlómítà 4 ni láti àárín ìlú dé etí òkun. Ibi tí wọ́n ń pè ní ojúde Chacha, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn de Souza, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi igi ìgbàgbé: ìtàn sọ pé ọkùnrin máa ń yí i ká nígbà 9, obìnrin nígbà 7, kí wọ́n má bàa rántí ibi tí wọ́n ti wá mọ́. Ẹ ó tún dé ibi tí wọ́n sin àwọn tó kú kí ọkọ̀ tó dé, ní Zoungbodji, àti igi mìíràn tí wọ́n yí ká nígbà 3 kí ẹ̀mí wọn lè padà wálé bí ara wọn kò bá tilẹ̀ lè wá. Ìtàn ẹnu ni àwọn igi wọ̀nyí, àwọn òpìtàn kan sì ń jiyàn lé wọn lórí. Kò dí mi lọ́wọ́ láti dúró níbẹ̀. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé èèyàn tó tó mílíọ̀nù kan ni wọ́n gba èbúté yìí kó lọ, kò sì sí èbúté kankan tí wọ́n ti kó tó bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa yìí, Àgbádárìgì kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn.

Ní òpin ọ̀nà ni ẹnu-ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ wà, tí wọ́n kọ́ ní 1995 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO. Òkè rẹ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán ìlà èèyàn méjì tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n kọjú sí òkun. Àwọn ère Egúngún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá dé ibẹ̀ kò nílò afinimọ̀nà láti sọ fún un ohun tí Egúngún ń ṣe níbi tí àwọn òkú ti lọ láìsí ìsìnkú.

Ó sì yẹ kí a mọ̀ pé ọmọ wa wà lára wọn. Ní 1860, nígbà tí òfin ti ka òwò yìí léèwọ̀ tipẹ́, ọkọ̀ Clotilda kó èèyàn bíi 110 ní Ouidah lọ sí Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama. Kọ̀sọ́lá, tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis, wà nínú ọkọ̀ náà. Ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bàǹtẹ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ó pẹ́ láyé títí di 1935, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn tó wá béèrè. Ní 2019 ni àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òkú ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú odò ní Alabama, Clotilda ni. Bí ẹ bá ń rin ọ̀nà yẹn, ẹ máa rántí orúkọ rẹ̀. Ó sàn ju kí ẹ máa ro mílíọ̀nù kan lọ.

Ọ̀nà àti ẹnubodè

Ibí yìí ni Àgbádárìgì ti borí pátápátá fún ará Èkó. Kìlómítà 60 àti díẹ̀ ni, kò sí ẹnubodè, kò sí ṣéènjì owó. Òpópónà náà ni ìṣòro: ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń tún un ṣe, ibì kan dán bí ẹni tẹ́ ẹní, ibì kan sì wà tí ọkọ̀ ń wá ibi tí yóò fi táyà sí. Ẹni tó ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó lè wọ rélùwéè tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kẹsàn-án 2023 láti Marina dé Mile 2, kó wá wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó máa ń yọni nínú ìdajì wàhálà. Ẹ jáde kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.

Ti Ouidah, ẹ óò kọ́kọ́ kọjá Àgbádárìgì, ẹ ó dé Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó sọdá, ẹ ó la Kútọ̀nù kọjá, kí ẹ tó tún rin kìlómítà 40 sí i. Láàárín Àgbádárìgì sí Sẹ̀mẹ̀, ibi àyẹ̀wò pọ̀ lójú ọ̀nà débi pé ará ọkọ̀ kì í kà á mọ́. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà, ìwé ECOWAS wa ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ mú páásípọ́ọ̀tù yín dání, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i ní ìhà méjèèjì. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà dání. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé ni ọ̀rọ̀ máa ń gùn fún níbẹ̀, owó ló sì máa ń pa á tì. Ẹ má gbé ọkọ̀ ara yín. Ìwé tí wọn yóò béèrè fún ọkọ̀ ju tèèyàn lọ. Ẹ fi ọkọ̀ èrò lọ, kí ẹ sì tún wọ òmíràn ní ìhà kejì.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó sì bọ̀ ní ọjọ́ kan láti Èkó lè ṣe é, mo mọ àwọn tó ti ṣe é. Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ péré ni yóò lò ní Ouidah, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa wà lórí aago. Ọ̀nà kìlómítà 4 tí ó yẹ kí èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn, orí ọ̀kadà ni yóò ti sáré wò ó. Irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò yẹ ibẹ̀. Bí ọjọ́ kan ni, ẹ fi Ouidah sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Fún ẹni tí ọkọ̀ òkun gbé dé Kútọ̀nù, tàbí tó wọ bàálù wá síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Wákàtí kan tàbí díẹ̀ sí i lójú títì tó dára, ẹ ti dé Ouidah. Ẹ lè wò ó tán kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi forí kọ ẹnubodè wá sí Àgbádárìgì fún ọjọ́ kan.

Èdè

Ní Àgbádárìgì, Yorùbá yín ti tó. Ègùn ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n gbogbo afinimọ̀nà ló gbọ́ Yorùbá, inú wọn sì máa ń dùn láti fi í ṣàlàyé. Ìtàn máa ń gùn sí i, ó sì máa ń dùn sí i, bí ẹ bá ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ní Ouidah, Fọn àti Faransé ni. Ẹ óò rí afinimọ̀nà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ fẹnu kò lórí iye owó àti iye ibi tí ẹ fẹ́ dé kí ẹ tó gbéra.

Ohun mìíràn tí ìlú kọ̀ọ̀kan ní

Ẹrú nìkan kọ́ ni ìtàn Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà: ní 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ní 1845 ni ìjọ C.M.S. kọ́ ọ parí. Ní ọdún 1845 yẹn ni Àjàyí Crowther dé sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Gollmer, ó sì dúró níbẹ̀ títí di 1846 kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó ṣí fún wọn. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní Òṣogùn, tí wọ́n tà ní Èkó, tí ọkọ̀ ogun òyìnbó sì gbà sílẹ̀ ní 1822, ni ó padà wá gbé ní ìlú tí wọ́n ti ń ta ẹrú. Wọ́n gbé Bíbélì Yorùbá sí yàrá kan níbẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé náà ti gbó, ẹ rọra gùn ún.

Ibi igi Àgíà náà wà, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ní gbangba ní 1842. Igi fúnra rẹ̀ ti wó ní 1959, ohun ìrántí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní àkókò, ẹ lè fo èyí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà nínú ilé ọ́fíìsì àtijọ́ kan ní tirẹ̀ tò dáadáa, ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ kí ó lè mọ bí ìtàn ṣe tẹ̀ léra. Láti Àgbádárìgì náà ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ ti gbéra ní 1830 láti lọ wá ibi tí odò Ọya ti wọ inú òkun.

Ouidah ní tirẹ̀ ní ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tó wà láàyè. Ilé erè Dàǹgbé wà ní àárín ìlú gan-an, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, títì kan ló là wọ́n láàárín. Erè tó wà níbẹ̀ kò ní oró, wọn yóò sì fẹ́ gbé e kọ́ yín lọ́rùn kí ẹ lè ya fọ́tò. Ẹni tó bá bẹ̀rù lè kọ̀, kò sí ẹni tí yóò bínú. Ẹ rántí pé ibi ìjọsìn ni: ẹ kí àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ kí ẹ tó yọ fóònù síta. Igbó mímọ́ Kpassè dùn mọ́ mi ju ilé erè lọ. Igi ìrókò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbà pé ọba Kpassè ni ó di í, ère oríṣiríṣi vodun sì wà káàkiri abẹ́ igi, ara yóò sì tù yín lẹ́yìn oòrùn ìta. Ọmọ Yorùbá yóò dá púpọ̀ mọ̀ nínú wọn láìbéèrè: Ògún ni Gù, Èṣù ni Legba, Ifá ni Fá.

Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà òde òní, ẹ yà sí ilé Ajavon, ilé alájà tí wọ́n kọ́ ní 1922 ní irú tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bràsíìlì padà bọ̀, ń kọ́, tí àjọ Zinsou sọ di ilé àfihàn ní 2013. Kò sí ohun tó jọ ọ́ ní Àgbádárìgì. Inú odi àwọn Potogí, tí wọ́n kọ́ ní 1721, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wà. Ọwọ́ Potogí ló wà títí di 1961. Wọ́n ti ń tún ibẹ̀ ṣe fún ọdún bíi mélòó kan, nítorí náà ẹ béèrè ní Kútọ̀nù bóyá ó ṣí kí ẹ tó fi sínú ètò yín.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ni ọjọ́ ọdún vodun. Gbogbo ìlú á kún, ilé ìtura á wọ́n. Bí ọdún ni ẹ fẹ́ wò, àkókò yẹn ni kí ẹ lọ. Bí ọ̀nà ẹrú ni ẹ bá wá rìn, ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ yẹn.

Owó, oúnjẹ, àti àwọn tí ẹ mú dání

Ní ìlú méjèèjì, ibi kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó tirẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti afinimọ̀nà sì yàtọ̀. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Ní Àgbádárìgì, ẹ bá afinimọ̀nà kan ṣoṣo sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ láàárọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnìkan tún ń jáde sí yín ní gbogbo igun. Ní Ouidah, owó sẹ́fà ni, ẹ ṣẹ́ ẹ ní ibi tó ní orúkọ, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó bá sáré tọ ọkọ̀ yín wá ní ẹnubodè. Lápapọ̀, Ouidah yóò ná yín jù, pàápàá tí ẹ bá kún un pẹ̀lú oorun ọjọ́ kan.

Oúnjẹ kò lè mú yín yan ọ̀kan sílẹ̀. Ẹja ọ̀sà tútù àti omi àgbọn ní Àgbádárìgì. Ẹja yíyan àti àmíwó, oúnjẹ àgbàdo pupa tí wọ́n fi tòmátò rò, ní Ouidah. Méjèèjì dára.

Bí ìyá tàbí bàbá àgbà bá wà pẹ̀lú yín, ẹ ronú dáadáa nípa Gbẹrẹfu. Wíwọ ọkọ̀ àti ìrìn orí yanrìn gbígbóná máa ń rẹ àgbàlagbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́kadà máa ń wà ní ìhà kejì. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò bá ní ẹ̀wù ìdóòlà fún gbogbo èrò, ì báà jẹ́ pé ọ̀sà náà kò fẹ̀. Ní Ouidah, zémìjàn, ìyẹn ọ̀kadà wọn, tàbí ọkọ̀ lè gbé àgbàlagbà láti ibi kan dé ìkejì títí dé ẹnu-ọ̀nà etí òkun, kò ní pàdánù nǹkankan. Àwọn ọmọ iléèwé ní tiwọn, Àgbádárìgì ni kí ẹ kó wọn lọ: ohun tí wọ́n lè rí, tí wọ́n lè fọwọ́ kàn, tí wọ́n sì lè béèrè nípa rẹ̀ ní èdè wọn, pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn ará wa tó wá láti Bràsíìlì, Kúbà tàbí Amẹ́ríkà, tí wọ́n bi mí bóyá ibo ni kí wọ́n kọ́kọ́ dé, Ouidah ni mo ń sọ fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún ẹni tó ń padà bọ̀, àní ní 2024 orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tó jẹ́ kí àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lè di ọmọ ìlú. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ilé ní tirẹ̀ nílò Àgbádárìgì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó lọ ni Ouidah ń sọ ìtàn rẹ̀. Ní Àgbádárìgì, àwa tó kù sílé ni wọ́n ń sọ nípa wa, títí kan àwọn tó tà wá lára wa, a kò sì tíì jókòó gbọ́ ọ tó.

Bí èmi yóò ṣe to ọjọ́ náà

Ní Àgbádárìgì, mo fẹ́ kí ẹ gba ọ̀nà tí ẹrú gbà: Vlékété ní aago mẹ́sàn-án, ilé Mobee, ilé Abass, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ wá sọdá sí Gbẹrẹfu ní bíi aago méjì. Ẹ ti padà sí ìhà ìlú kó tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, ẹ sì wọ ọkọ̀ Èkó lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó èrò lọ máa ń kọ́kọ́ sáré lọ sí Gbẹrẹfu láàárọ̀ nítorí oòrùn àti nítorí fọ́tò. Bí ọmọdé tàbí àgbàlagbà bá wà níbẹ̀, mo gbà. Bí kò bá sí, ẹ má gbà fún wọn. Ẹni tó ti dúró nínú yàrá Abass kó tó dé etí òkun yẹn kò ní wò ó bí ẹni tó kàn wá gbafẹ́.

Ní Ouidah, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbó Kpassè àti ilé erè láàárọ̀, ẹ sinmi ní ọ̀sán nínú ilé Ajavon, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ẹrú ní aago mẹ́ta nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀. Ẹ ní kí ọkọ̀ yín lọ dúró dè yín ní etí òkun, nítorí kò dára kí èèyàn tún máa rin kìlómítà 4 padà nínú òkùnkùn. Ìjọba ti ń kọ́ oríṣiríṣi nǹkan sí etí òkun náà, nítorí náà ẹ lè bá ariwo iṣẹ́ níbẹ̀.

Ìlú kẹta

Ẹni tó bá ti sùn sí Kútọ̀nù, kó má padà sí Èkó láì yà sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Etí ọ̀sà ni ìlú náà wà, wọ́n ń sọ Yorùbá nínú ọjà rẹ̀, ọkàn kì í sì í wúwo níbẹ̀ bí ó ṣe máa ń wúwo ní àwọn ìlú méjì yòókù. Ààfin Honmè níbi tí ọba Tòfà gbé títí di 1908 ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Oko àti ilé ẹ̀kọ́ Songhai, tí àlùfáà ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, dá sílẹ̀ ní 1985, yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n mọ́sáláṣí àwọn Àgùdà ni kí ẹ torí rẹ̀ lọ: láàárín 1912 sí 1925 ni wọ́n kọ́ ọ, àwọn ọmọ ẹni tó ti Bràsíìlì bọ̀ ló sì kọ́ ọ ní ìrísí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, pẹ̀lú àwọ̀ àti ọ̀nà òkúta lójú rẹ̀. Ó ti gbó púpọ̀, ìta ni ẹ ó ti wò ó. Ẹ má lọ ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀, àwọn olùjọsìn mọ́sáláṣí tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń kún ojú ọ̀nà, kò sì sí àyè ìdúró fún àlejò.